Awò ọmọdé tí wọ́n kọ “525x” sí lára: kí ló dé tí kì í fi í ríran?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ọ̀kan pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Èkejì ò ju 120 lọ, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ṣé kì í ṣe 525 ló yẹ kí n gbé?

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá ni èyí tí wọ́n kọ ní kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tàbí sára awò náà: “D=60mm, F=700mm”. D ni fífẹ̀ dígí iwájú. F ni bí ibi tí dígí yẹn ti ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ṣe jìnnà sí i tó. Dígí iwájú ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ohun tí ẹ ń wò á ṣe mọ́lẹ̀ tó.

Ìlọ́po ní tirẹ̀, ìṣirò lásán ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára dígí ojú, ìyẹn èyí tí à ń gbé ojú sí, kí ẹ fi pín F. 700 tí a fi 20 pín jẹ́ 35. Bí a bá fi 4 pín in, ó di 175. Àwọn tó ṣe é á wá ju ọ̀pá kékeré kan tó ń sọ ìlọ́po di mẹ́ta sínú páálí: 175 lọ́nà mẹ́ta, 525 dé nìyẹn. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò náà. Ojú ni kò ní rí nǹkan gidi.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ojú ò fi ní rí i?

Ìdáhùn: Torí pé ìmọ́lẹ̀ tí dígí 60mm gbà wọlé kì í pọ̀ sí i bí àwòrán ṣe ń tóbi. Bí ẹni ń fa rọ́bà ni: ó ń gùn, ó ń fẹ́lẹ́, kò pọ̀ sí i. Ẹ fi ìlọ́po pín fífẹ̀ dígí iwájú, ẹ óò mọ bí ìtànṣán tó ń wọ ojú ṣe fẹ̀ tó. Ní ìlọ́po 35, ó fẹ̀ tó mìlímítà 1.7. Ní 525, kò ju 0.11 lọ. Àwòrán á ṣókùnkùn, á dà bí ohun tí èéfín bò, àwọn nǹkan wíńníwínní tó ń léfòó nínú ẹyinjú ẹni pàápàá á máa kọjá lójú àwòrán.

Òdiwọ̀n tí àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ń lò kò le: ẹ sọ mìlímítà dígí iwájú di ìlọ́po méjì, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. 60mm, 120. 70mm, 140. Àfi lálẹ́ tí afẹ́fẹ́ òkè bá rọ̀ nìkan ni ẹ óò tún lè débẹ̀.

Ìbéèrè: Kí wá ni ọmọ lè fi ìlọ́po 35 rí?

Ìdáhùn: Ó pọ̀. Kòtò ojú òṣùpá á hàn kedere, pàápàá nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, torí pé òjìji ló ń gbé kòtò náà yọ. Bó bá ti yọ tán, ojú rẹ̀ á tẹ́jú, kò ní dùn ún wò. Á rí òṣùpá mẹ́rin tó tóbi jù lára àwọn tó yí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ká. Awò tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, fi rí wọn ní 1610 kò ju nǹkan bí ìlọ́po 20 lọ. Bí ẹ bá sún un dé 70, òrùka Sátọ̀n á hàn. Máàsì ò ní ju ẹ̀kán pupa lọ, ẹ tètè sọ fún un.

Ìbéèrè: Mo ti rà á, àmọ́ gbígbọ̀n ni gbogbo nǹkan ń gbọ̀n.

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró ni. Ẹ má fa ẹsẹ̀ náà gùn tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó wò ó. Ẹ so ìgò omi kan kọ́ àárín ẹsẹ̀ náà, wíwúwo rẹ̀ á mú un dúró. Dígí ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù, 20 tàbí 25, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Awò kékeré tó wà lórí ńlá náà, tí a fi ń wá ibi tí nǹkan wà, ńkọ́? Ọ̀sán ni kí ẹ ti tò ó: ẹ dojú awò ńlá kọ orí òpó kan tó jìnnà, kí ẹ wá yí síkúrúù ti kékeré títí tí òpó yẹn á fi bọ́ sáàárín rẹ̀. Lálẹ́, ẹni tí kò bá ṣe èyí á wá òṣùpá títí, kò ní rí i.

Bí ẹ bá rí dígí dúdú kékeré tí wọ́n ní kí ẹ dè mọ́ dígí ojú láti fi wo oòrùn, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ kó o dà nù. Ibẹ̀ gan-an ni ooru oòrùn ń kóra jọ sí. Ó lè sán lójijì, kí ojú ọmọ sì fọ́. Èyí tí kò léwu, iwájú awò la ti ń dè é, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé rárá.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti maikirosíkóòpù, awò tí a fi ń wo ohun tín-tìn-tín, tí wọ́n kọ 1200x sí?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kan náà ni. 400 tó ọmọdé: dígí ìsàlẹ̀ 40, dígí ojú 10. Bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá jẹ́ ike, ẹ óò rí àwọ̀ bí òṣùmàrè létí gbogbo nǹkan. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ wá èyí tó ní ojú méjì tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 20: èèrà, iyanrìn, owó ẹyọ, á kàn gbé e sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó dáa láti fi dán ti 400 wò ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìpele àlùbọ́sà. Ẹ bó o, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹ̀kán omi kan, ẹ kán áyódíìnì díẹ̀ sí i. Ẹ dá dígí fẹ́lẹ́ tí a fi ń bò ó dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá jù ú lé e lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, àwọn òrùka dúdú á wá kún ibẹ̀, tí ọmọ á máa pè ní kòkòrò. Láti ìlọ́po 40 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ibi tí bátìrì ń wọ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní síkúrúù. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì, bí bátìrì náà ò tiẹ̀ jò. Òòfà kéékèèké tó lágbára náà ńkọ́? Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn láti inú ìfun sí ìfun, wọ́n á sì dá a lu. Èyíkéyìí tó bá gbé mì, ẹ má ṣe fipá mú un bì, ẹ má dúró wò ó bóyá á yà á gbẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí ohun ìṣeré náà dání.