Níbi tí ẹran kò sí: bí iwájú ikùn ṣe ń dá ìfun dúró

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tí ẹran ikùn rẹ̀ bá le dáadáa kò lè ní ìpá. Wọ́n á ní ẹran tó rọ̀ ló ń ya, tí ìfun fi ń ríbi yọ. Èrò yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Àwọn tó ń gbé irin lójoojúmọ́ náà ń ní ìpá, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ìpá kì í sábà gba àárín ẹran yọ. Ibi tí ẹran kò sí ló ń wá: ojú ìdodo, ìlà àárín ikùn, ibi tí itan ti pàdé ikùn, àti ojú àpá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká fo awọ ara àti ọ̀rá, abẹ́ wọn ni iṣẹ́ gan-an wà. Ní ẹ̀gbẹ́ ikùn kọ̀ọ̀kan, ẹran mẹ́ta tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló gun orí ara wọn. Bí èèyàn bá ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò iwájú ṣòkòtò, ibi tí ìka kọjú sí, láti ẹ̀gbẹ́ wá sísàlẹ̀ síwájú, ni fọ́nrán ẹran òde kọjú sí. Ti àárín dábùú rẹ̀, ó ń ti ìbàdí lọ sókè síwájú. Ti inú pátápátá ń gba ìbú yí ikùn ká. Ibi yòówù kí agbára ti wá, ọ̀kan nínú wọn á wà tó dojú kọ ọ́. Charles McBurney, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, mọ ìwúlò èyí. Nígbà tó kọ̀wé ní 1894 nípa bí a ṣe ń yọ apẹ́ńdíìsì, ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá, kò ní kí a gé ẹran yìí rárá. Ó ní kí a máa la fọ́nrán ẹran kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ níbi tó kọjú sí, ká fà á sí ẹ̀gbẹ́, ká ṣiṣẹ́, ká sì jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà wọn kò dọ́gba, ihò tí a là sí ti òkè kò ní bá ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mu, wọ́n á sì máa bo ara wọn.

Àmọ́ ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dé iwájú. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ọn ni kálukú ń yí padà di awọ iṣan funfun, tó tinrin tó sì yi. Awọ iṣan yìí ló wé mọ́ ẹran gígùn méjì tó wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti egungun ìhà dé egungun abẹ́ ikùn. Àwọn méjì yìí ni eléré ìdárayá máa ń fi hàn nínú fọ́tò. Iye ìlà tó dábùú wọn, wọ́n bí i mọ́ èèyàn ni. Eré ìdárayá lè jẹ́ kó hàn, kò lè fi ẹyọ kan kún un.

Bí awọ iṣan náà ṣe wé mọ́ ẹran méjì yìí kò rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Lókè, ó wà níwájú ẹran, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí agbedeméjì ìdodo àti egungun abẹ́ ikùn, gbogbo rẹ̀ á kọjá síwájú. Ohun tó kù lẹ́yìn kò ju awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Àgbègbè yìí náà ni òpó ẹ̀jẹ̀ kan ti ń wọ ẹ̀yìn ẹran náà. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè wúkọ́ líle kí òpó yẹn já. Bó bá já lókè, awọ iṣan á há ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, kò ní lè lọ jìnnà. Bó bá já nísàlẹ̀, kò sóhun tó dí i lọ́wọ́ lẹ́yìn, á máa ṣàn lọ sí àyíká ìbàdí. Ìrora rẹ̀ a máa le débi pé wọ́n á rò pé inú ìfun ni àìsàn wà.

Láàárín gan-an, awọ iṣan ọ̀tún àti ti òsì pàdé, wọ́n sì wọnú ara wọn. Àwọn dókítà ń pe ìlà ìpàdé yìí ní linea alba. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ méjì tó ń fa okùn. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ni àwọn tó ń fà, awọ iṣan ni okùn, linea alba sì ni ibi tí wọ́n ti so okùn méjì pọ̀. Bí àwọn tó ń fà á bá túbọ̀ lágbára, ojú ìsopọ̀ kò tìtorí ẹ̀ le sí i, ṣe ni ohun tó ń fara dà pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹran líle kò fi dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìpá.

Lásìkò oyún, ojú ìsopọ̀ yìí máa ń nà. Lẹ́yìn ìbímọ, bí ìyá bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tó sì gbé orí sókè, ó lè rí òkìtì gígùn kan tó yọ láàárín ikùn rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ kò já, ó fẹ̀ ni. Nígbà tí kò sì sí ihò, kò síbi tí ìfun lè há sí. Ìdodo yàtọ̀ sí èyí, torí ihò gidi ti wà níbẹ̀ rí, tí ìwọ́ gbà wọlé. Lára ọmọdé, ọ̀pọ̀ ìdodo tó yọ ló ń padà fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5. Ti àgbàlagbà kì í padà.

Oníṣẹ́ abẹ fẹ́ràn ìlà àárín yìí, torí ó yá láti là, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí ẹran tí wọ́n máa gé. Àmọ́ ojú ìsopọ̀ okùn gan-an ni wọ́n gé yẹn, àwọn tó ń fà á kò sì ní sinmi nígbà tí aláìsàn bá jí tó ń wúkọ́. Ní 1976, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Jenkins ṣàlàyé pé òwú tí a fi rán ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ojú ọgbẹ́. Ikùn máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ á sì gùn sí i. Bí òwú bá kúrú, òun kọ́ ló ń já, ara ló máa ń gé kọjá. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2015, tún tẹ̀ síwájú. Àwọn tí wọ́n rán ní kéékèèké, mìlímítà 5 síra wọn, 13 nínú 100 ló ní ìpá ojú àpá láàárín ọdún kan. Àwọn tí wọ́n rán ní gbàgàdà, 21 ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni rírán kéékèèké fi kún iṣẹ́ náà, ní àkókò tó ti ń rẹ gbogbo èèyàn, ó sì yẹ kí wọ́n fara dà á.

Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló fi ọgbọ́n hàn jù, òun náà ló sì ní àbùkù jù. Kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin, kórópọ̀n rẹ̀ máa ń ti inú ikùn, nítòsí kíndìnrín, rìn sọ̀ kalẹ̀, á gba ara ikùn kọjá bọ́ sínú àpò rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 lára àgbàlagbà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ ti inú kò kọjú sí ti òde. Bí èèyàn bá wúkọ́, agbára inú á tẹ ọ̀nà náà pẹlẹbẹ, ẹran tó wà lókè rẹ̀ á sì wálẹ̀ bò ó. Ohun tó yẹ kó ṣí i ló ń tì í. Síbẹ̀ kò lè tì pa, torí òpó ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà àtọ̀ kórópọ̀n gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí kórópọ̀n ń bọ̀, ó fa awọ inú ikùn tẹ̀ lé e, ó sì yẹ kí awọ yẹn dí kí ọmọ tó dàgbà. Lára àwọn kan kì í dí. Nítorí náà, ẹni tí ìpá rẹ̀ yọ lọ́jọ́ tó gbé ẹrù wúwo, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ti wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹrù kàn fi í hàn ni. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì ń gba ibòmíì: ògiri ẹ̀yìn ọ̀nà náà ló ń rẹ̀ bí ọjọ́ orí àti ikọ́ tí kò lọ ti ń bá a fínra.

Ọ̀nà míì tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn, níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ itan. Ìpá tó ń gba ibẹ̀ wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹnu rẹ̀ há, etí rẹ̀ sì le, ìfun tó bá wọ ibẹ̀ tètè ń há. Ìpá yòówù tó bá le gbagidi, tó ń dunni, tí kò padà sínú mọ́ bí èèyàn ti dùbúlẹ̀, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ti lè má dé ìfun inú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n má fi ipá tì í wọlé. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, torí ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè kú láàárín wákàtí mélòó kan.