Ẹ Má Dúró Di Ọjọ́ Ìkẹyìn Kí Ẹ Tó Ra Kúrúùsì

Ìmọ̀ràn kan wà tó ń lọ káàkiri láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan kúrúùsì, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun: "Má tíì sanwó o. Jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ máa gbéra, owó ẹ̀ á já wálẹ̀." Àwọn èèyàn díẹ̀ wà tí ìmọ̀ràn yìí dára fún, màá sì dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ, ẹni tó máa wọ bàálù kó tó dé èbúté, tàbí ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, owó ló máa fi gbọ́ ọ.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá onítòmátì á ní kẹ́ ẹ mú iye tẹ́ ẹ bá ní wá, kí òun lè máa lọ sílé. Yàrá inú ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè tọ́jú di ọ̀la. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté Miami, yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ ti di òfò. Ìgbà kan sì wà tí ẹni tó dúró jèrè lóòótọ́. Kòrónà dá ọkọ̀ wọ̀nyí dúró ní oṣù kẹta 2020. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà 2021, ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, yàrá tó ṣófo pọ̀, ẹni tó sì ń gbé nítòsí èbúté rí owó pọ́ọ́kú. Ìròyìn ìgbà yẹn la ṣì ń sọ fúnra wa títí dòní.

Ọjà ìgbà yẹn ti tú. Láti 2023 ni Royal Caribbean àti Carnival, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá méjì, ti ń jábọ̀ pé ọkọ̀ àwọn ń kún kọjá ìdá 100 nínú 100. Ohun tó fà á tó fi lè kọjá ọgọ́rùn-ún ni pé èèyàn méjì ni wọ́n ń kà sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá wá sùn ti bàbá àti ìyá rẹ̀, iye èrò ti lé nìyẹn. Ẹ wo ọkọ̀ Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Miami ní oṣù kìíní 2024. Èrò 5,610 ni wọ́n kà fún un bí a bá fi méjì-méjì sí yàrá, ṣùgbọ́n ó lè gbé tó 7,600. Àwọn ìdílé tó kó ọmọ dání ló ń kún àlàfo àárín iye méjèèjì, àwọn wọ̀nyẹn sì ti ra tiwọn tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ìdúró ti ń dunni jù. Yàrá tó lè gba èèyàn mẹ́rin kò pọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Gbogbo èrò ló ní ibi tó gbọ́dọ̀ lọ bí ewu bá dé, pẹ̀lú àyè tirẹ̀ nínú ọkọ̀ àsálà. Bí àyè apá ibì kan nínú ọkọ̀ bá ti kún, wọn ò ní í ta ibùsùn kẹta àti ìkẹrin fún yín ní apá náà, bí yàrá tilẹ̀ ṣófo, tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé yàrá wà fún ẹni méjì, kẹ́ ẹ tẹ mẹ́rin, kó ní kò sí mọ́. Kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. Yàrá méjì lẹ máa wá rà nìyẹn.

Báwo wá ni owó ṣe ń lọ sókè sódò? Ọkọ̀ tó máa gbéra lọ́dún tó ń bọ̀ ti wà lórí àtẹ báyìí. Lójoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń wò ó bóyá títà ń yá tàbí ó ń falẹ̀. Bó bá falẹ̀, wọ́n lè dín owó kù nígbà tó ṣì ku oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́rin. Bó bá ń yá, owó á máa gòkè. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ kó di mímọ̀ pé ẹni tó bá dúró ló ń jèrè, torí náà wọ́n ti wá ọ̀nà mìíràn láti kún ọkọ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí ẹni tó ti ra yàrá tí kò ní fèrèsé tipẹ́, pé kó sọ iye tó lè fi kún un kó lè bọ́ sí èyí tó ní bákónì. Ẹni tó yára sanwó ni àǹfààní náà ń bá nílé.

Ọ̀nà tó dára jù fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà nìyí. Ẹ tètè gba yàrá, kẹ́ ẹ mú irú àsansílẹ̀ tí wọ́n lè dá padà, bó tilẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yẹ iye yàrá náà wò títí di gbèdéke ìsanparí, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 90 ọjọ́ ṣáájú ìrìn-àjò. Bí owó bá wálẹ̀ láàárín ìgbà náà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n fún yín ní iye tuntun, tàbí kẹ́ ẹ fagi lé e kẹ́ ẹ tún un rà. Wọn kì í fúnra wọn pe ẹnikẹ́ni láti sọ fún un pé owó ti wálẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: àsansílẹ̀ kì í sábà padà, ẹ̀dínwó tó bá sì yọjú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rà lè má kàn yín. Oṣù kìíní sí ìkẹta ni àsìkò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń figagbága, tí wọ́n ń fi nǹkan kún ọjà. Ìgbà yẹn ni kí ará Ìlú Ọba máa ṣọ́.

Ẹ tún fojú sí ohun tí iye orí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ. Ẹyọ ẹnì kan ni, tó bá pín yàrá pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹni tó dá lọ lè san owó ẹni méjì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024 tí òfin California tó kọ owó tó fara pamọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń fi owó orí àti owó èbúté sínú iye tí wọ́n ń polówó ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì dáa. Ṣùgbọ́n tíìpù àwọn òṣìṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ó sì máa ń wà láàárín $16 sí $20 fún ẹnì kan lóòjọ́. Ká ní $18 ni, tọkọtaya tó lọ fún ọjọ́ méje á san $252 kí wọ́n tó ra ọtí kan tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ọkọ̀ kan wé òmíràn.

Físà ló tún máa ń ba ìdúró jẹ́ pátápátá. Ẹni tó ń gbé ní Manchester pẹ̀lú ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ láti Southampton lọ sí Sípéènì tàbí Norway. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ọjọ́ 15 ni ìpinnu sábà máa ń gbà, ó sì lè dé 45. Bí ọkọ̀ bá tún máa yà sí Tọ́kì kó tó padà sí Gíríìsì, ẹ nílò físà tó gbà yín láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ méjì kò lè bá èyí mu láé.

Ìgbàgbọ́ mìíràn ni pé éjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn ra yàrá ọkọ̀ ń fi owó lé owó. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, iye tí yóò sì sọ fún yín kì í sábà ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ibi tí éjẹ́ǹtì ti wúlò jù fún wa ni ayẹyẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ láti Galveston ṣe ọgọ́ta ọdún Mọ́mì, pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti gbogbo ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kálukú lọ ra tirẹ̀. Bí ẹ bá kó yàrá mẹ́jọ jọ, ìyẹn èrò 16, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kà yín sí ẹgbẹ́ kan, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ owó ẹnì kan kúrò fún èrò 16 kọ̀ọ̀kan. Mọ́mì lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í sì í ṣe é fún ẹgbẹ́ tó bá dé nígbà tí yàrá ti ń tán.

Ta wá ni ìdúró bá mu? Tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, tó ń gbé ní wákàtí kan sí èbúté ní Florida, tí yàrá yòówù sì dùn mọ́. Kí irú wọn máa wo oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé, tí ìbẹ̀rù ìjì líle sì ń lé èrò sá. Kí wọ́n kàn mọ̀ pé ìjì lè mú kí ọkọ̀ tó fẹ́ lọ Bahamas ṣẹ́rí padà sí Mẹ́síkò.