Owó ìrànwọ́ onílé ní Ọsirélíà: "n kò nílé rí" nìkan ò tó

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń múra láti ra ilé ní Ọsirélíà: "Orúkọ mi ò sí lórí ìwé ilé kankan rí, owó ìjọba yẹn ti di tèmi." First Home Owner Grant, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́, ni wọ́n ń sọ. Bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń kó bá èèyàn ni pé wọ́n á ti ka owó náà mọ́ owó ilé, wọ́n á ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí wọ́n tó gbọ́ pé àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó máa ń dùn mí, torí pé inú fọ́ọ̀mù gan-an ni ìdáhùn wà.

Ká ní obìnrin kan jókòó ní Melbourne, ó ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí. Ṣé ó ti nílé rí? Rárá. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí aya. Ọkọ rẹ̀ ò ní sí lórí ìwé ilé yìí rárá, owó obìnrin náà nìkan ni wọ́n fẹ́ fi rà á. Ṣùgbọ́n ní 2009, kí àwọn méjèèjì tó mọra, ọkọ náà ra ilé kékeré kan ní Adelaide, ó sì gba owó ìrànwọ́ yìí lé e lórí. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Tọkọtaya ni òfin ń wò, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé. Bí wọn ò bá tilẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n kàn jọ ń gbé bí ọkọ àti aya, bákan náà ni. Ẹni tó bá ti kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ ni ohun tí ẹni yẹn ti ṣe kò dí lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo òfin yìí so mọ́: ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2000. Ọjọ́ yẹn ni owó orí ọjà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà. Ọjọ́ yẹn náà ni owó ìrànwọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 7,000 dọ́là, kí owó orí tuntun náà má baà wúwo jù fún ẹni tó ń wá ilé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé ìwọ tàbí ẹnìkejì rẹ nílé gbígbé ní Ọsirélíà ṣáájú ọjọ́ yẹn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí owó, ìbáà jẹ́ pé ẹ fi í háyà ni. Ilé tí ẹ rà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ohun tí wọ́n máa bi yín ni bóyá ẹ gbé inú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Victoria àti ti New South Wales, bí ẹ bá ti gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìdá dúró, kò sí owó.

Ibí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti ń ṣe ìpalára lọ́nà kejì. Ẹni tó ra fúláàtì ní 2015, tó fi háyà, tí kò sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, á sọ pé, "Èmi ti nílé, kò kàn mí mọ́." Ó ṣì lè kàn án! Ẹni tó sì ní ilé ní orílẹ̀-èdè mìíràn náà, ilé yẹn kò dí i lọ́wọ́, nítorí ilé tó wà ní Ọsirélíà nìkan ni wọ́n ń kà.

Kò sí ìbéèrè iye tí èèyàn ń gbà lóṣù. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, kó ti pé ọdún 18, kí ó kéré tán ẹnìkan nínú àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Ọsirélíà tàbí ẹni tó níwèé ìgbélùú ayérayé.

Ilé àlòkù ni ó tún ń já àwọn èèyàn kulẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2012 ní New South Wales, àti oṣù Keje 2013 ní Victoria, ilé tuntun nìkan ni wọ́n ń san owó yìí lé lórí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá òfin tirẹ̀ ṣe: 10,000 dọ́là ni Victoria ń san, lórí ilé tí kò ju 750,000 lọ, Queensland gbé tirẹ̀ dé 30,000 ní oṣù Kọkànlá 2023, agbègbè olú-ìlú, Canberra, sì ti fòpin sí i láti 2019. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀, oṣù méjìlá gbáko ní Victoria, mẹ́fà ní Queensland. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń gba owó padà pẹ̀lú owó ìtanràn.

Ẹ má sì da owó yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀dínwó owó orí tí wọ́n ń san lórí ilé nígbà tó bá yí ọwọ́ padà. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Queensland, ẹni tó fẹ́ ẹ̀dínwó onílé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tíì ní ilé gbígbé níbikíbi láyé. Nítorí náà, ilé kan náà tó wà lókè òkun, tí kò dí i lọ́wọ́ láti gba owó ìrànwọ́, lè mú kó san owó orí náà láìsí ẹ̀dínwó yẹn.