Owó ìtanràn ojú pópó: kí ló dé tí iye rẹ̀ kò bára mu?

Ìbéèrè: Mo ń wa ọkọ̀ akérò láti Òkè-Fìà sí Ọ̀láìyá, l'Óṣogbo níbí. Wọ́n fi ìwé ìtanràn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Faransé nítorí pé ó di fóònù mú nígbà tó ń wakọ̀, oríṣi iye owó mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Èwo ni kó san?

Ìdáhùn: Ọ̀kan péré ni. 135 yúrò ni owó náà gan-an. Ẹni tó bá san án láàárín ọjọ́ 15 yóò san 90, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ 45 kọjá láìsan án, tí kò sì kọ̀wé ta kò ó, yóò san 375.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń wo iye tó ń wọlé fún èèyàn ní Finland?

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni, láti 1921. Bí eré àsápajúdé bá fi ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ kọjá iye tí òfin gbà láàyè, owó tó ń wọlé fún awakọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn rẹ̀, nítorí owó tó lè fi ebi pa ilé tálákà lè má tó ohun tí olówó máa rántí lọ́jọ́ kejì. Ní 2002, wọ́n bu 116,000 yúrò lé ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ Nokia, tó gun alùpùpù ní eré 75 níbi tí òfin ti sọ pé 50. Nígbà tó fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun ti já wálẹ̀, kóòtù dín in kù gidigidi. Lójú tèmi, ìdájọ́ òdodo nìyẹn.

Ìbéèrè: Tiwa ńkọ́?

Ìdáhùn: Òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti 2007 kò wo àpò ẹnikẹ́ni: 2,000 náírà ni ti ẹni tí kò de bẹ́líìtì, 4,000 sì ni ti fóònù, ìbáà ṣe ọ̀gá báńkì tàbí awakọ̀ akérò. Báńkì ni wọ́n ń san án sí, pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́. Ẹnì kan tó wọ aṣọ ìjọba dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n mú 2,000 wá. Bí mo ṣe béèrè ìwé, ó ní kí n mú 1,000 wá. Owó tó ń dín kù nítorí pé a béèrè ìwé kì í ṣe ìtanràn, rìbá ni. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn yín, ẹ wo ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa, bí ẹ kò bá sì jẹ̀bi, ẹ sọ fún wọn pé kóòtù ni ẹ fẹ́ lọ.