Encroach: ọ̀rọ̀ tí ìkọ́ wà nínú rẹ̀

Ẹni tó bá wá encroach nínú ìwé atúmọ̀ èdè lè rí "kọjá ààlà", kó sì rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀ o. Ẹni tó ya wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó tún bá ibẹ̀ jáde, kọjá ààlà lóòótọ́, àmọ́ encroach kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ìyẹn. Encroach ni kí nǹkan máa yọ́ wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, títí oníbi yóò fi ṣàkíyèsí pé ààyè òun ti dín kù. Òwe wa ti sọ ọ́ tán: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mi ò tíì rí ìtumọ̀ tó sún mọ́ ọn jùyẹn lọ.

Inú èdè Faransé àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, ní ọ̀rúndún 14. Encrochier ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, croc tó wà láàárín rẹ̀ sì ni ìkọ́. Kí èèyàn fi ìkọ́ kọ́ nǹkan, kó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ohun tó ń sọ nìyẹn. Ìkọ́ yìí kan náà ló wà nínú crochet, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ tí wọ́n fi ń hun òwú. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, gbígba nǹkan ló ń sọ, pàápàá ohun tí kò tọ́ síni. Ọ̀rọ̀ ààlà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a lẹ́yìn ìyẹn ni.

Ẹ wo ilẹ̀ méjì tó fara kanra. Òpó ọgbà tó wà láàárín wọn jẹrà. Ẹnì kan tún un ṣe, ó ri òpó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ihò àtijọ́, ní apá ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Nígbà tó tún jẹrà, ó tún sún un ní àtẹ́lẹwọ́ mìíràn. Ẹnìkejì kò ní lè tọ́ka sí ọjọ́ kan pàtó pé ọjọ́ yìí ni wọ́n gba ilẹ̀ mi. Encroachment ni àwọn agbẹjọ́rò ń pe irú èyí, yálà ògiri ló yọ wọlé ni o, tàbí etí òrùlé, tàbí ẹ̀ka igi. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ẹ̀ka igi aládùúgbò yọ sí lè gé e dé ojú ààlà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó gé yẹn, ti onígi náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má gbàgbé on tàbí upon lẹ́yìn rẹ̀. The sea is encroaching on the land: òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ. "Encroach my time" kò dáa, encroach on my time ni. Kò sì dìgbà tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣe é. Iṣẹ́ náà ń ṣe é: ẹ dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ kan nídìí oúnjẹ alẹ́, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó di mẹ́ta, kó tó pẹ́ ẹ ò ní ìrọ̀lẹ́ mọ́.

Orí pápá bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n tí kò ti sí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gba pẹnárítì, àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àpótí, kí wọ́n sì jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní mítà 9.15, ó kéré tán. Ẹni tó bá kó sínú àpótí kí ẹsẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù, encroachment ni wọ́n máa kà á sí, ì báà jẹ́ ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé.