Ṣé ọdún 1948 ni ìtọ́jú aláboyún àti ìkókó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba?

Bí ẹ bá bá ará wa kan tó ń gbé Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ nípa NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ ọ: kó tó di 1948 tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba kankan kò yà sọ́dọ̀ aláboyún. Olówó á pe dókítà, tálákà á kàn máa gbàdúrà ni.

Òótọ́ inú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ lọ. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn kò sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ìyá ìkókó nílé, kíliníìkì tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, agbẹ̀bí tó ń gba owó oṣù, gbogbo wọn ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú NHS. Lábẹ́ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Láti 1915 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England àti Wales pé bí obìnrin bá bímọ, kí káńsù gbọ́ láàárín wákàtí 36, kí nọ́ọ̀sì lè tètè yọjú. Òfin 1918 wá fún káńsù láyè láti ṣí kíliníìkì fún aláboyún àti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, kí wọ́n sì fún ìyá tí kò rówó ní mílíìkì. Ìjọba àpapọ̀ ń dá ìdajì owó náà padà fún wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o gbọ́dọ̀ ní obìnrin méjì, ó kéré tán. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn obìnrin ibẹ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìbò dì!

Àyè ni òfin yẹn fún wọn, kò fipá mú wọn, nítorí náà ibi tí obìnrin ń gbé ló ń sọ ohun tí yóò rí gbà. Ẹ wo Bermondsey, àdúgbò àwọn tálákà òṣìṣẹ́ èbúté ní London, tó ti wà lábẹ́ káńsù Southwark báyìí, bíi ti Peckham tí Yorùbá kún fọ́fọ́. Nígbà náà, káńsù Bermondsey ń ya fíìmù ìlera fúnra wọn, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á sì máa fi hàn ní ojú títì. Káńsù mìíràn ò ṣe ju nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì lọ.

Kíliníìkì náà sì ní ààlà. Ìmọ̀ràn ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ara ọmọ kò bá yá, ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò tó ń gbowó ni wọ́n á ní kí ìyá lọ, torí àwọn dókítà kò fẹ́ kí káńsù gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ètò ìbánigbófò ìjọba ti 1911 náà, ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń tọ́jú, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, àfi ṣílè 30 tí wọ́n ń san bí ó bá bímọ.

Nínú ìkókó 1,000, nǹkan bí 80 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan ní 1920. Nígbà tó fi di 1939, ó ti sún mọ́ 50. Kì í ṣe kíliníìkì nìkan ló ṣe é: ilé tó sàn, oúnjẹ àti ọmọ tí kò pọ̀ jù lọ́wọ́ ìyá wà níbẹ̀. Ti àwọn ìyá ló yani lẹ́nu. Nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bí ìyá 4 ló ń kú, iye yìí kò sì wálẹ̀ títí di àárín ọdún 1930 sí 1940. Owó gan-an kò gbà wọ́n, torí ìyàwó olówó ń kú ju ti tálákà lọ díẹ̀. Dókítà tó ń kánjú, tó ń fi irin fa ọmọ, wà lára ohun tó fà á, nígbà tí agbẹ̀bí máa ń dúró de ọmọ. Ibà ẹ̀yìn ìbímọ ló ń pa wọ́n jù. Ní 1936, dókítà kan, Leonard Colebrook, fi hàn ní ilé ìwòsàn Queen Charlotte's pé oògùn tuntun kan, Prontosil, lè wò ó. Ọdún yẹn náà ni òfin wá fi dandan lé e pé kí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, tó ń gbowó oṣù, wà káàkiri.

Nígbà tí NHS sì dé, ilé ìwòsàn ló gbà. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé, agbẹ̀bí ilé àti kíliníìkì ọmọ kò kúrò lọ́wọ́ káńsù títí di 1974. Àwọn ará wa tó lọ kàwé ní London ní àsìkò 1960, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì káńsù ló wá wọn ọmọ wọn.