Yàrà Ha-ha: Ọ̀dọ̀ Ọdẹ Ló Ti Wá, Kì í Ṣe Ọ̀dọ̀ Faransé

Ẹni tó bá ń rìn nínú ọgbà ńlá Stowe, ní Buckinghamshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á rò pé ẹran tó ń jẹko lọ́hùn-ún lè rìn wọ àárín òdòdó bó bá wù ú. Kò tó bẹ́ẹ̀. Yàrà kan là wọ́n láàárín tójú ò tètè rí: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí pápá ń lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ tilé jẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán. Ẹran tó bá sọ̀ kalẹ̀, ògiri ló máa bá pàdé. Ha-ha nìyẹn.

Horace Walpole, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, gbà pé Charles Bridgeman, aṣètò ọgbà, ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní Faransé ló ni ín, torí pé Dezallier d'Argenville, òǹkọ̀wé Faransé kan, mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ ní 1709, tó ní igbe "Ah! Ah!" táwọn èèyàn máa ń ké tí wọ́n bá já sí i lójijì ló fún un lórúkọ. Kí wọ́n máa mú orúkọ lọ, ẹni tó sọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Guillaume Beaumont, aṣètò ọgbà mìíràn, ti gbẹ́ irú rẹ̀ sí ọgbà ilé ńlá Levens Hall ní nǹkan bí 1695. Bẹ́ẹ̀ ni, Faransé lòun náà, àmọ́ ilẹ̀ Westmorland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti gbẹ́ ẹ!

Lójú tèmi, inú igbó àgbọ̀nrín àwọn ìjòyè àtijọ́ ló yẹ ká wá a lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ìjòyè tó bá rí jájẹ á sọ igbó kan di tirẹ̀, á fi pákó ṣọgbà yí i ká lórí òkìtì, á sì gbẹ́ yàrà sápá inú. Níbì kan, wọ́n á mú kí ọgbà náà rẹlẹ̀ lápá ìta. Àgbọ̀nrín á fò wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ jáde, ìsàlẹ̀ yàrà ló ti máa fò, apá rẹ̀ ò sì ní ká a. Ẹran ọba ni wọ́n sì ń kó báyẹn o, ìdí nìyẹn tí ìjòyè fi ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọba kó tó ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ àwọn tó gbẹ́ yàrà àgbọ̀nrín ló wá gbẹ́ ti ọgbà òdòdó. Irú wọn ò nílò ìwé Faransé kankan.

Ìyókù ò ṣòro. Capability Brown, aṣètò ọgbà Gẹ̀ẹ́sì, lò ó káàkiri, yàrà náà dé iwájú àwọn ilé Royal Crescent ní ìlú Bath, ó tilẹ̀ dé ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Melbourne, ní Australia. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́, ló ń tọ́jú ti Stowe báyìí.